Ẹja Tí Ẹbí Rẹ̀ Yàtọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ Àlájì Búrẹ́mọ̀ ní Agblangandan, lẹ́bàá Kútọnu, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ lọ kìlọ̀ fún àwọn òkú ilé rẹ̀, nítorí Àlájì yóò bẹ̀ wọ́n wò. Ọmọ Ṣakété ni. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Kútọnu, iṣẹ́ náà sì ti bà á jẹ́ pátápátá. Ẹni tó bá ń tú ẹrù láti àárọ̀ dọ́sàn-án, tó ń wò ó bóyá ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ló wà nínú àpótí, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa tú ènìyàn náà wò.

Ọkùnrin méjì ni Ṣàrífátù ọmọ rẹ̀ ti mú wálé rí. Ti èkínní, Àlájì rán ènìyàn lọ sí Pobè, wọ́n ní bàbá-bàbá ọmọkùnrin náà jí ewúrẹ́ kan nígbà ayé àwọn Faransé. Ó ní òun kò ní fọmọ fún ẹbí ajéwúrẹ́. Ti èkejì, wọ́n wádìí títí, wọn kò rí nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló sì bà á lẹ́rù jù. Ó ní ẹbí tí kò ní àbùkù kankan, wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ ni. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, a sì máa wí i ní àárọ̀, ní ọ̀sán, àti nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Wàyí o, Ṣàrífátù ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja ní yunifásítì Calavi, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹja wò kí ó tó wọ ọjà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó mú ẹnì kẹta wá, ìyẹn Yọ̀mí, ọmọ Àlájì Adéníjì, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta aṣọ ní Kútọnu, ó pe bàbá rẹ̀ sẹ́yìn ilé.

"Bàbá mi, bí ẹ bá tún ba èyí jẹ́, mi ò ní mú ọkùnrin kankan wá fún yín mọ́. Èmi náà ò sì ní máa wá mọ́. Inú fóònù lẹ ó ti máa gbóhùn mi."

Kò gbé ohùn sókè rárá, ìyẹn ló sì dun Búrẹ́mọ̀ jù. Ó fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. Ó jókòó sórí ìdí bíríkì kan títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń bínú sí ẹnu ara rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ti pinnu: ní ọjọ́ tí àwọn Adéníjì bá wá fojú kan ilé, òun kò ní bi wọ́n ní ìbéèrè kankan nípa ẹbí wọn. Òun yóò bọ́ wọn ni. Òun yóò bọ́ wọn débi pé wọn kò ní lè gbàgbé òun láéláé.

Èyí ṣẹ, bí ẹ ó ti rí i.

Ọkọ̀ ojú omi kan ló gúnlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, Búrẹ́mọ̀ sì bá alásè inú rẹ̀ rí àpótí rẹ̀ kan tó sọnù. Alásè náà fún un ní páálí ẹja kóńjẹlé kan, ìyẹn ẹja dídì, láti fi dúpẹ́. Ẹja mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju apá lọ, wọ́n dúdú, eyín ẹnu wọn sì mú ṣóńṣó. Wọ́n kọ "Escolar" gàdàgbà sára páálí náà, wọ́n kọ "maquereau" sábẹ́ rẹ̀, ìyẹn màkírò, ọ̀rọ̀ tó kù sì ti bá yìnyín ya lọ.

"Ẹ̀kọ́là," Búrẹ́mọ̀ kà á fún ìyàwó rẹ̀, Ràhámátù. "Ṣó o rí i? Ẹja tó lọ sí lẹ́kọ́ọ̀lù nìyí. Màkírò tó kàwé."

Ràhámátù fi ọmọrogùn ṣí ẹnu ọ̀kan nínú wọn. "Àlájì, màkírò wo lẹ rí tó ní eyín bíi ti ajá?"

"Màkírò ìlú òyìnbó ni. Àwọn tiwọn ń jẹun kánú."

"Ta la mọ̀ tó jẹ ẹ́ rí?"

"Ìyá Ṣàrífátù, ẹja ni. Ẹja kì í ní ìtàn."

Ẹ gbọ́ ohun tí àgbàlagbà wí! Ọkùnrin tó rán ènìyàn lọ sí Pobè nítorí ewúrẹ́ kan kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ nítorí ẹja mẹ́ta. Ràhámátù ní kò burú, àmọ́ òun kò ní gbé e kaná àyàfi tí Ṣàrífátù bá fojú rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí àlejò ń bọ̀, Búrẹ́mọ̀ ya fọ́tò ẹja náà àti páálí rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà níbi iṣẹ́, nítorí ọ̀gá rẹ̀ kò gbà kó sinmi ní ọjọ́ náà. Ó ní ìgbà tó bá parí iṣẹ́ ní ọ̀sán ni kó máa lọ bá àwọn àna rẹ̀.

Kò pẹ́ tí èsì fi wọlé. Fóònù Ṣàrífátù, bọ́tìnnì Faransé ló wà lójú rẹ̀. Kò mọ àmì orí, kò mọ àmì ìdí. Ohun tó kọ nìyí:

"Baba, eja yen ki i se makiro o. Ebi re yato. E ma je ki awon alejo je e. Bi won ba je e, idi won a ma jo."

Tóò. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé Búrẹ́mọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ní Ṣakété, ó kọ́ ìwé Yorùbá níbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Mẹ́kà. Olùkọ́ wọn máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, ìhòòhò ló wà, kí ẹni tó bá bá a pàdé wọṣọ fún un. Búrẹ́mọ̀ fi awò sójú, ó wọ ẹ̀wù fún gbogbo ọ̀rọ̀ náà bó ti wù ú, ó sì kà á sókè ketekete:

"'Bàbá, ẹja yẹn kì í ṣe màkírò o!' Ṣó o gbọ́? Kì í ṣe màkírò lásán. 'Ebi rẹ̀ yàtọ̀.' Ìyẹn ni pé téèyàn bá tọ́ ọ wò, ebi á tún máa pa á. 'Ẹ máa jẹ́ kí àwọn àlejò jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ìdí wọn á máa jó.'"

"Kí ni ìdí wọn á máa ṣe?" Ràhámátù béèrè.

"Á máa jó! Adùn ni! Ọmọ yunifásítì ló ń sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

Ó tẹ "O seun omo mi" ránṣẹ́. Ṣàrífátù rí i, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé bàbá òun ti gbọ́. Ó ti fóònù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù bí òfin ibi iṣẹ́ wọn ti wí, ó sì wọlé lọ.

Àwọn àlejò dé lẹ́yìn ìrun Àìlà. Mẹ́ta péré ni wọ́n: Àlájì Adéníjì fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àṣàbí, àti Yọ̀mí ọkọ ìyàwó. Adéníjì wọ agbádá funfun. Yọ̀mí wọ bùbá funfun. Léèsì Àṣàbí funfun débi pé ó ń dán lójú. Búrẹ́mọ̀ náà wọ jàlámíà funfun tó rà ní Mẹ́kà, èyí tí kì í wọ̀ àfi ọjọ́ ọdún.

Ràhámátù ti dín ẹja náà, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú àkàsà gbígbóná àti mónyò, ìyẹn ata, tòmátì àti àlùbọ́sà tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú òróró. Òun nìkan ni kò jẹ nínú ẹja náà. Ó ní òun ń gbé abọ́. Àmọ́ àwọn yòókù, ẹ jẹ́ ká má purọ́, wọ́n jẹun. Ẹran ẹja náà funfun, ó rọ̀, ó ń yọ̀ lẹ́nu kí eyín tó kàn án. Àṣàbí bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ìtìjú fẹ́ mú Yọ̀mí, Búrẹ́mọ̀ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ègé mẹ́rin sínú àwo rẹ̀.

"Àlájì, irú ẹja wo lèyí?" Adéníjì bi í.

"Màkírò tó kàwé ni. Ìyàwó yín gan-an ló ní kí n fi ṣe yín lálejò. Ó ní tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́, ìdí yín á máa jó."

Adéníjì rẹ́rìn-ín àgbà. "Ìdí tèmi ti darúgbó, àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Búrẹ́mọ̀ jẹ gbogbo orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi àkàsà nu àwo.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ geere. Búrẹ́mọ̀ kò béèrè nípa ẹbí. Nígbà mẹ́ta ni ìbéèrè dé ẹnu rẹ̀, ó fi omi tutù gbé e mì. Wákàtí kan kọjá, èkejì tẹ̀lé e. Adéníjì ń sọ bí òun ti ṣe dé Kútọnu pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, ó ní, "Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí, mo—"

Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó rọra tún ìjókòó ṣe, ó sì jókòó mọ́lẹ̀ ṣinṣin.

"Ẹ wá ṣe kí ni, Àlájì?" Búrẹ́mọ̀ béèrè.

"Mo jókòó," ni Adéníjì wí. "Mo kàn jókòó ni."

Àṣàbí ní "Háà" kékeré kan, ó sì fi ìborùn bo itan. Yọ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Búrẹ́mọ̀ ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rò ó pé ta ló ṣẹ̀ wọ́n, kí òun náà tó gbúròó nǹkan. Kò dùn ún. Kò ru ú nínú. Kò pariwo. Òróró lọ́wọ́ọ́wọ́ kan kàn rọra jáde sínú jàlámíà Mẹ́kà láìkan ilẹ̀kùn, láìbéèrè àyè. Yéè! Ẹ̀rù bà á dé ọkàn. Ó rò pé òun nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù rò pé òun nìkan ni.

Ràhámátù wọlé. "Ẹ jẹ́ ká jáde síta, atẹ́gùn ń fẹ́."

"A dúpẹ́, ìjókòó yìí dára," mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ni wọ́n bá pe ìrun Alásárì ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé. Pálọ̀ kún fún àwọn Mùsùlùmí òdodo, Àlájì méjì pẹ̀lú, ẹnì kan kò sì mira.

"Ẹ̀yin àlejò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àlùwàlá," ni Búrẹ́mọ̀ wí.

"Ó tì o. Onílé ló ń ṣáájú."

"Ẹ̀gbọ́n wa ńkọ́? Àgbà ni wọ́n."

"Obìnrin ń dúró sẹ́yìn ni," ni Àṣàbí wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò wí irú rẹ̀ rí. Àbúrò rẹ̀ yíjú wò ó.

Adéníjì wá rò ó pé bí òun bá tètè parí ọ̀rọ̀, òun á lè fi ẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún onílé. Ó ní, "Ó dáa. Yọ̀mí, dìde, kó o dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó ẹ, ká máa lọ."

Yọ̀mí wo bàbá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. "Ẹ... ẹ jẹ́ kí n kí wọn ní ìjókòó."

Àbí ẹ rí nǹkan! Gbogbo ìbéèrè tí Búrẹ́mọ̀ ti gbé mì láti ọ̀sán rú padà wá sókè. Ó ti gbàgbé ọmọ rẹ̀, ó ti gbàgbé ohun tó wà nínú jàlámíà.

"Ẹbí wo ni wọ́n ti ń jókòó kí àna?" ó kígbe. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀!"

"Ẹ má bú ẹbí mi o!" Adéníjì náà gbaná jẹ. "Ẹ dìde kẹ́ ẹ tún un wí!"

"Ẹ̀yin ẹ dìde!"

"Ẹ̀yin lẹ wí i, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dìde!"

"Ẹ jáde nílé mi!"

"A ti jáde!" ni Adéníjì wí, ó sì di apá àga mú gírígírí.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀, n kò rí i rí, kò sì dájú pé mo tún lè rí i. Ọkùnrin méjì ń na ìka síra wọn, wọ́n ń lérí, wọ́n ń bú, ìdí kò sì kúrò lórí àga. Ibẹ̀ ni Ṣàrífátù bá wọn nígbà tó sọ̀kalẹ̀ lórí zémì, ọ̀kadà tó gbé e wá, tó sáré wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. "Ẹ jáde nílé mi" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Kò sunkún. Ó wo bàbá rẹ̀ lásán, Búrẹ́mọ̀ sì rí i pé ó ti ń kúrò nílé nínú ojú rẹ̀. Nígbà náà ni ojú ọmọ náà bọ́ sórí tábìlì, ó rí egungun àgbọ̀n pẹ̀lú eyín ṣóńṣó.

"Bàbá mi. Ta ló jẹ ẹja yẹn?"

"Gbogbo wa ni. Ìwọ lo ní ká jẹ ẹ́."

"Èmi kẹ̀? Mo ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́!"

"Ó wà nínú fóònù mi! Gbà, kà á!"

Ṣàrífátù gbà á, ó sì ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bó ti kọ ọ́ lọ́kàn: "'Bàbá, ẹja yẹn kì í ṣe màkírò o. Ẹbí rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn àlejò jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ìdí wọn á máa jò.'"

"Jò," ni Àṣàbí wí jẹ́jẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni. Jò ni."

Ojú gbogbo wọn yí sí ara wọn, òye sì yé wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣàrífátù fi ọwọ́ borí. Ó ṣàlàyé pé màkírò-ejò ni àwọn Faransé ń pe irú ẹja bẹ́ẹ̀, pé ẹbí rẹ̀, fàmíì tí àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sí, ń jẹ́ Jempílídé: ẹja gígùn ni wọ́n, inú ibú ni wọ́n ń gbé, ẹja ẹlẹ́gbẹ́ wọn ni wọ́n sì ń pa jẹ. Òróró ara èyí tí wọ́n jẹ, ikùn ènìyàn kò lè lọ̀ ọ́. Bó ti wọlé ló ń jáde. Kò ní pa wọ́n, àmọ́ kí wọ́n má sáré.

"Ta ló pín wọn sí ẹbí-ẹbí?" Búrẹ́mọ̀ béèrè. Kò lè ṣe é kó má béèrè.

"Àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Wọ́n ń wo eyín, wọ́n ń ka egungun ẹ̀yìn. Àwọn kan fẹ́ pa ẹbí yìí pọ̀ mọ́ ti ẹja gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní sẹ̀ǹtúù, àwọn kan ní rárá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wádìí ẹ̀, wọn ò tíì fẹnu kò. Ẹja náà ń lúwẹ̀ẹ́ tiẹ̀ lọ."

Òtítọ́ ti jáde, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dìde. Kí a mọ̀ jẹ́ ọ̀kan, kí ojú rí i tún jẹ́ òmíràn.

"Bàbá," ni Yọ̀mí wí, omi ti lé sí i lójú, "ó wù mí kí n dọ̀bálẹ̀. Aṣọ mi ni kò gbà."

Búrẹ́mọ̀ wo ọmọkùnrin náà. Ó wo Ṣàrífátù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò tíì bọ́ báàgì léjìká. Ó mọ̀ pé bí àwọn àlejò yìí bá kọ́kọ́ dìde, tí ìtìjú sì bá wọn jáde, wọn kò ní fẹsẹ̀ kan ilé òun mọ́ títí ayé, ọmọ òun á sì bá wọn lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gba ìtìjú náà lórí wọn. Ó nira fún un o. Ẹni tó lọ sí Mẹ́kà, tó jẹ́ pé òun ló ń wo ẹ̀yìn àwọn ènìyàn láti ọjọ́ tó ti dáyé!

Ó dìde. Ó rọra yí ẹ̀yìn sí wọn, ó fọwọ́ méjèèjì fa jàlámíà náà kó lè tẹ́ dáadáa. Òróró pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo àkàsà.

"Ẹ yẹ̀ mí wò," ni ó wí fún ògiri. "Ẹ má kánjú. Ẹ̀bi mi ni, òun lẹ ń wò yẹn."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já lẹ́nu Àṣàbí. Adéníjì gbà á, ó rín in títí agbádá fi ń gbọ̀n, ẹ̀rín náà sì tún da nǹkan míràn sílẹ̀, ó ní "Ó tún dé!", ó fò dìde, òun náà yí ẹ̀yìn. Tirẹ̀ fẹ̀ jù. Búrẹ́mọ̀ yíjú padà, ó wò ó, ó gbà pé ó fẹ̀ jù. Ràhámátù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè mí.

Yọ̀mí wá bọ́ sáàárín pálọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀, ìgbáròkó kanlẹ̀, bí ọmọ Yorùbá ti ń ṣe, gbogbo ohun tó sì ti ń fi pamọ́ láti ìrun Alásárì wà lókè, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú àna rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ wò ó pẹ́. Kò sí ohun tó kù láti bi ẹnikẹ́ni.

"Dìde, ọmọ mi," ó wí. "Mo ti wádìí yín tán. Ẹ máa mú ọmọ mi lọ."

Ṣàrífátù sọ báàgì sílẹ̀, ó sì di bàbá rẹ̀ mọ́ra láti iwájú. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè mú ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan ní wákàtí náà, torí pé Àṣàbí ti sáré wọ ṣálángá kan ṣoṣo tó wà nínú ilé náà, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra, àwọn Àlájì méjèèjì sì ti tò sẹ́nu ọ̀nà, onílé ń bẹ àlejò pé kí ó ṣáájú.